Bébà Funfun Tí Mo Fi Wé Ewé Bàbá Àgbà

Èmi ni mo di ìwé ètò ìsìnkú bàbá tó bí ìyá mi. Iṣẹ́ mi ni. Bajulaiye ni mo ti ń ṣe é, nínú Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń pariwo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ń tẹ ìwé, àwọn kan ń gé e, èmi ń ká a, mo sì ń fi pínnì mú un láàárín. Mo ti di ìwé ìsìnkú àìmọye èèyàn tí n kò mọ̀ rí, n kì í sì í ka ohun tó wà nínú wọn. Ti Bàbá Àgbà nìkan ni mo kà. Ní ojú ewé kẹta, àwọn ẹbí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún méjì tó kẹ́yìn ayé Bàbá, ìgbàgbé ọjọ́ ogbó bá wọn fínra, ṣùgbọ́n wọ́n fi sùúrù gbà á. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá. Irọ́ ni, ẹnu mi ló sì ti jáde. Mo dúró díẹ̀, ọ̀gá mi bi mí ṣé ó rẹ̀ mí ni, mo ní rárá. Mo ká gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, mo sì fi pínnì mú wọn.

Ohun tí mo ń kọ yìí kì í ṣe ìtàn ìgbé ayé wọn. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ìsìnkú, pẹ̀lú irọ́ mi nínú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ohun tí mo ṣe ti burú tó.

Pà Sámúẹ́lì lorúkọ wọn. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ̀wé. Ẹja ni ìdílé wọn ń pa, ẹja náà ló sì gbé ìdílé yẹn dé Bàríga, lẹ́bàá ọ̀sà. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò pa ẹja. Iṣẹ́ ilé ewé ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Yàrá ńlá kan ni ilé ewé jẹ́, ní ilé ìwádìí kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé àti òdòdó gbígbẹ lórí bébà líle, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ewé kan lè wá wò ó síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ló ń sọ àwọn ewé náà lórúkọ. Bàbá Àgbà ló ń já wọn, tó ń tẹ̀ wọ́n gbẹ, tó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà.

Bí ẹ bá wọ yàrá wọn ní Pedro, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ìwé ìròyìn àtijọ́ tó tò jọ dé àjà. Àwọn àlejò máa ń rò pé wọ́n fẹ́ràn ìròyìn. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ìjọba lè ṣubú lówùúrọ̀, Bàbá Àgbà lè má gbọ́ títí di ọ̀la. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń tẹ ewé nítorí pé ó ń fa omi. Wọ́n á tẹ́ ewé tútù sí àárín rẹ̀, wọ́n á fi ìka ṣí ojú òdòdó rẹ̀, wọ́n á wá gbé irin ògbólógbòó tí wọ́n tọrọ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Bajulaiye lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú bírò, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ sí etí ìwé ìròyìn náà níbi tí kò ti sí nǹkan: ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, irú omi tó wà nídìí rẹ̀, àwọ̀ òdòdó rẹ̀.

Mo wà ní kékeré nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń kọ àwọ̀ òdòdó tí gbogbo wa ń rí. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà, òdòdó pupa náà ti gbẹ, ó ti dà bí ewé tábà. Mo wò ó, mo wo Bàbá Àgbà. Wọ́n ní, "Òdòdó tó ti kú ò lè sọ àwọ̀ ara ẹ̀, Ìye. Ẹni tó bá a láàyè ló máa bá a sọ ọ́."

Ìye ni ìyá, ní ẹnu àwọn ará ilé wọn. Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, ni wọ́n ṣe sọ mí ní Yétúndé, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò pè mí ní Yétúndé rí. Bí mo bá jí, wọ́n á ní, "Ìye, ẹ káàárọ̀," wọ́n á sì ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, èmi a sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa wò bí ìtàn yìí ṣe ń lọ.

Ní àdúgbò, Bàbá Eléwé ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn sì dá ìjà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn èèyàn gbà pé ẹni tí ewé kún yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní oògùn. Èyí tó le jù ni ti Ìyá Ṣàkírà, ìyá Ìjẹ̀bú kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí orúnkún ń dà láàmú.

"Bàbá, ẹ fún mi lára ewé yín yìí nau. Orúnkún yìí fẹ́ pa mí o."

"Ìyá Ṣàkírà, mi ò ní oògùn."

"Háà! Kí yàrá kún fún ewé báyìí, kí ẹ ní ẹ ò ní oògùn? Ẹ kúkú sọ pé ẹ ń ṣahun!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá Àgbà. Wọ́n gbé ohùn sókè, Ìyá Ṣàkírà náà gbé tirẹ̀ sókè, ó sì bá wọn yodì fún odidi oṣù kan. Bó bá rí wọn, á wo apá ibòmíràn. Bàbá Àgbà lọ sí ilé ìtajà oògùn, wọ́n ra ìpara orúnkún, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún un kí n má sọ ẹni tó rà á. Ìyá Ṣàkírà mọ̀. Ó gbà á, ó ní kí n bá òun kí ahun. Nígbà tí mo jíṣẹ́, Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá ní, "Gbogbo yín lẹ ń bi ewé pé kí ló lè ṣe fún yín. Èmi ń bi í pé, ìwọ ta ni?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí èèyàn lè bá wọn jáde ní àlàáfíà. A lè wà nínú kẹ̀kẹ́ elérò ní òpópónà Pedro, kí wọ́n ké pe awakọ̀ pé kó dúró. Awakọ̀ á rò pé owó wọn ló bọ́ sílẹ̀. Bàbá Àgbà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọ́n á máa ka iye ewé òdòdó tó wà lára koríko kan. "Ìye, wá wò ó. Ṣé ewé ẹ̀ kọjú síra wọn lára igi, àbí ọ̀kan gòkè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀? Ibi tí ọmọ ẹ̀ wà ńkọ́, ṣé abẹ́ òdòdó ni àbí inú ẹ̀? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé ẹ̀ la kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà agboolé ẹ̀, ká tó wá bọ́ sórí òun fúnra ẹ̀." Àwọn èrò á máa fọwọ́ lu kẹ̀kẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ń lọ síbi iṣẹ́ o!" Ojú á máa tì mí, màá fà wọ́n lápá. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo fà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnnì aṣọ wọn já. Wọn kò bínú. Wọ́n mú bọ́tìnnì náà nílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń kánjú ni gbogbo koríko ń jọ ara wọn lójú ẹ̀."

Ewé kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Etí omi ló ń hù sí. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ sórí omi, ìdí rẹ̀ sì ṣù bí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ẹja ni ìyá Bàbá Àgbà ń pè é, nítorí pé ẹja wẹ́wẹ́ máa ń yé sábẹ́ rẹ̀, àwọn apẹja ilé wọn kì í sì í ju àwọ̀n sí ibi tó bá wà. Ó ní ìbátan kan tí wọ́n ń pè ní àlùbọ́sà odò, èyí tó pọ̀ ní gbogbo odò ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bàbá Àgbà ní rárá. Àlùbọ́sà odò a máa gbé òdòdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ọ̀pá kan, wọ́n á funfun láìlábàwọ́n. Àlùbọ́sà ẹja kì í gbé ju ẹyọ kan lọ, ìlà tín-ínrín elésè-àlùkò kan a sì là á láàárín ewé òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní tiwọn, èyí tó tóbi jù ni pé kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tó ti ń hù àfi ibi tí omi ọ̀sà ti ń pàdé omi iyọ̀, láti etíkun Ìlàjẹ títí dé Bàríga. Wọ́n gbé e sínú garawa omi kànga lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló kú.

Ọ̀gá ilé ewé ìgbà yẹn kò gbà. Ó ní omi ló fa ìyàtọ̀ náà, ó ní ọmọ ìyá kan náà lè dúdú kí èkejì pọ́n. Bàbá Àgbà kó méjèèjì wá síwájú rẹ̀ ní tútù, ó wò wọ́n fírí, ó ní, "Pà Sámúẹ́lì, ẹ máa lẹ ewé. Ẹ jẹ́ kí àwa máa sọ orúkọ." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n padà sídìí tábìlì wọn, wọ́n sì lẹ orúkọ àlùbọ́sà odò mọ́ àlùbọ́sà ẹja bí wọ́n ṣe rán wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n kọ ọ́ kéékèèké sí ìsàlẹ̀ bébà náà pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí fún mi, wọn kò bú ọ̀gá náà. Wọ́n kàn ní, "Wọ́n lè gba gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Ojú tí mo fi rí i, wọn ò lè gbà á."

Ohun tó fi Bàbá Àgbà hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi yanrìn dí àbàtà kan létí ọ̀sà ní Bàríga kí wọ́n lè kọ́lé síbẹ̀. Àbàtà yẹn ni ibi tó kù ní Èkó tí àlùbọ́sà ẹja ti ń hù. Bàbá Àgbà wọ bàtà rọ́bà, wọ́n mú ọ̀bẹ àti ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Nígbà tí a débẹ̀, páìpù ńlá ti ń pọ yanrìn jáde. Wọ́n wọ inú omi lọ, ó mù wọ́n dé ìbàdí. Mo dúró létí omi, mo ń sunkún, mo ń pè wọ́n pé kí wọ́n jáde.

Àwọn òṣìṣẹ́ oníyanrìn ń pariwo, "Pápá, comot for there! Wetin you dey find?"

Bàbá Àgbà nàró nínú omi. "A kì í sin ẹni tí a ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n pa ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di wákàtí kan. Láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá Àgbà padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí yanrìn tó bò ó tán, torí wọ́n fẹ́ já a nígbà tó bá rúwé, nígbà tó bá tanná àti nígbà tó bá so. Wọ́n tún wọkọ̀ lọ sí etíkun ilé wọn, wọ́n já ti ibẹ̀. Wọ́n lọ sí àwọn odò kan lápá Ògùn, wọ́n já àlùbọ́sà odò wá, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé ti wà lórí àbàtà Bàríga. Ní ilé wọn, omi òkun ti ya wọ ibi tí àlùbọ́sà ẹja ń gbé, ó sì pa á. Gbogbo èyí tó kù láyé, bí a ṣe mọ̀ ọ́n mọ, wà nínú ìdì kan lábẹ́ irin ní yàrá Bàbá Àgbà, nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ̀wé sí létí.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe báyìí, n kò sì ní wá àwáwí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá Àgbà, wọ́n sì lọ sinmi fún oṣù kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ṣàgámù. Mo fẹ́ kí wọ́n padà bá yàrá tó mọ́. Gbogbo ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé n kì í lè wo bébà tó bá wọ́, ọwọ́ mi á ti gbé e kí n tó ronú. Àwọn ìwé ìròyìn yẹn ti pọ́n, wọ́n ń rùn, aáyán ti yé sí òmíràn. Mo gbé bébà funfun wá láti ibi iṣẹ́ wa, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí a gé ìwé. Mo ṣí ìdì náà, mo sì ń gbé àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ẹyin. Ewé kankan kò já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bébà funfun tirẹ̀, mo tò wọ́n kí etí wọn bára mu, mo fi okùn tuntun dì wọ́n. Inú mi dùn. Mo rò pé n kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kó ìwé ìròyìn àtijọ́ náà lọ fún Ìyá Táwà tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ìkòríta wa, ó sì gbàdúrà fún mi.

Ṣé mo mọ̀ pé wọ́n ń kọ̀wé sí etí rẹ̀? Mo mọ̀. Mo mọ̀ láti kékeré. Kò wá sí mi lọ́kàn ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn mi jù ú lọ.

Bàbá Àgbà dé ní ọjọ́ Sátidé, inú wọn ń dùn nítorí ojú wọn ti mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ojú tuntun wò ni àlùbọ́sà ẹja. Wọ́n tú okùn. Wọ́n ṣí àkọ́kọ́, wọ́n yí i padà, wọ́n ṣí èkejì, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta.

"Ìye."

"Bàbá."

"Ìwé ìròyìn ẹ̀ dà?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tó kù fún mi ni kí n kúnlẹ̀, kí n sì sọ ọ́. Ẹnu mi la, mo sì gbọ́ ohun tó ń sọ: "Bàbá, ṣé ẹ ò rántí ni? Ẹ̀yin lẹ ní kí n pààrọ̀ ẹ̀ kí ẹ tó lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní ẹ ti da gbogbo ohun tó wà létí ẹ̀ kọ sínú nọ́ọ̀tù."

"Nọ́ọ̀tù wo?"

"Ẹ ò fi hàn mí."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo bébà funfun tó wà lọ́wọ́ wọn pẹ́. "Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá wò mí pẹ̀lú ìfẹ́. "Ó dáa tí o rántí, Ìye. Èmi ò rántí."

Mo sáré lọ bá Ìyá Táwà. Ó ní ó ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí bóyá òmíràn ṣì wà. Ó ní ìwé ìròyìn yẹn nípọn, epo kì í tètè là á.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo rò pé mo gbọ́ ọ yé. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ọ̀tù tí kò sí. Wọ́n wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá a nínú àpótí Bíbélì, wọ́n pe Ṣàgámù pé kí wọ́n bá wọn wò ó lábẹ́ tìmùtìmù. Èmi náà bá wọn wá a. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń bá wọn wá a. Nígbà tó ṣe, wọ́n dá wíwá dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á bi mí bóyá àwọn ti jẹun. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á padà wá tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá na koríko kan sí wọn, ẹni tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró nítorí koríko á ní, "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n má fi tèmi ṣe." Ìyá mi mú wọn lọ rí dókítà, dókítà kò rí nǹkan kan, ó ní ọjọ́ orí ni. Gbogbo ẹbí gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe orí Bàbá Àgbà. Èmi ló ń ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn ọdún kan, obìnrin onímọ̀ kan dé ilé wa, Dókítà Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ewé, ó rí "Kò rí bẹ́ẹ̀" tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, ó sì wá ẹni tó kọ ọ́ títí ó fi dé Pedro. A tú ìdì náà síwájú rẹ̀. Ó fi awò wò ó fún bíi wákàtí méjì, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá Àgbà.

"Bàbá, ẹ ò ṣì í wò. Méjì ni wọ́n."

N kò rí ojú Bàbá Àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé sí i, wọn kò nù ún.

Ó ṣàlàyé pé kí òun tó lè gbé orúkọ tuntun jáde níwájú àwọn onímọ̀ ayé, òun gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti já ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí wọ́n já a àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀. Láìsí ìyẹn, wọ́n á ní inú odò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó wo àwọn ewé gbígbẹ tó tò sílẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ já wọn, Bàbá. Ẹ kàn máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sọ, màá máa kọ ọ́. Mo gbà yín gbọ́."

Bàbá Àgbà gbé àkọ́kọ́. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú kan. "Èyí, Bàríga ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ omi. Ìdí páìpù ni mo ti…" Wọ́n yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú omi àlejò lọ́wọ́. "Ìye, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń sunkún létí omi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé wọ́n rántí èyí, wọ́n á bi mí pé báwo ni àwọn ṣe wá gbàgbé ìyẹn, irọ́ mi á sì tú. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n rọra gbé ewé náà padà sínú bébà funfun rẹ̀. "Dókítà, ẹ má gba ẹ̀rí lẹ́nu mi. Ẹni tó sọ̀rọ̀ tán tí kò rántí pé òun sọ ọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí." Obìnrin náà bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dá ọjọ́ tí mo máa sọ ọ́. Mo máa ní tó bá di Sunday. Sunday á dé, wọ́n á wọ aṣọ funfun wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú wọn á dùn, màá ní kí n má bà á jẹ́. Bí ara bá ni wọ́n, màá ní kí ara wọn yá ná. Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, lórí àga, lẹ́yìn tí wọ́n bi mí bóyá àwọn ti fọ ẹnu. Mo ní wọ́n ti fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "O ṣé." Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo ti rí i pé òtítọ́ lè bá a ní tòótọ́, kó sì bá a nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà nínú pósí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ìdì náà lọ fún Dókítà Mọ́rẹ́nikẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó padà wá.

"Wọ́n rántí èyí àkọ́kọ́ yẹn. Èmi gan-an gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, Dókítà."

"Gbogbo ẹ̀ ni wọn ì bá sọ fún mi níjọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n jẹ́rìí dípò wọn, pé èmi náà wà ní Bàríga. Ó bi mí èwo nínú wọn ló wá láti Bàríga. Mo wò wọ́n lọ, mo wò wọ́n bọ̀, gbogbo wọn jọ ara wọn lójú mi. Ó ní orúkọ tuntun kò lè jáde mọ́, àlùbọ́sà odò ni gbogbo wọn á máa jẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ilé ewé á tọ́jú wọn. Ó kó àwọn bébà pélébé jáde, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igun ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó jẹ́ kí èmi kọ ọ́.

Ẹni tó já a: Pà Sámúẹ́lì. Ibi tí wọ́n ti já a: a kò mọ̀. Ọjọ́: a kò mọ̀. Àwọ̀ òdòdó: a kò mọ̀.

Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ohun mìíràn tó bá yẹ kí a mọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọmọ-ọmọ wọn, Yétúndé, ló da àkọsílẹ̀ wọn nù, ó sì parọ́ fún wọn pé wọ́n ti gbàgbé ni. Bàbá yìí kò gbàgbé ohunkóhun."

Dókítà kà á. Ó ní bóyá ẹyọ kan yẹn ti tó. Mo ní kò tó. Mọ́kàndínlógójì ni gbogbo ewé tó wà nínú ìdì náà. Mo kọ ọ́ sí gbogbo wọn.